Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ fi yan yunifásítì, ọdún mẹ́rin lẹ ó fi wá owó rẹ̀

Thread yìí gùn, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá ń kánjú kó fi pamọ́. Ṣùgbọ́n tí ìwọ tàbí àbúrò rẹ bá fẹ́ kọ JAMB lọ́dún yìí, jọ̀ọ́ má kọjá, jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ̀ lé àbúrò mi ọkùnrin lọ sí sẹ́ńtà CBT kan ní Adó níbí, ó fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ọmọbìnrin kan àti màmá ẹ̀ ló wà níwájú wa. Ó hàn pé ọjà Erékèsán ni màmá yẹn ti ń bọ̀, àpò gààrí wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó kàn wọ́n, bọ̀dá tó ń tẹ kọ̀ǹpútà béèrè pé, "Yunifásítì wo?" Ọmọ wojú màmá ẹ̀. Màmá wojú bọ̀dá. Bọ̀dá ní, "Ṣé kí n fi EKSU sí i, torí pé ó sún mọ́lé? Kí n wá fi FUOYE ṣe ìkejì?" Màmá ní kó fi sí i. Èyí tó kù, orí ara ẹ̀ ni bọ̀dá ti mú un jáde. Mo wo aago. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Kò sí nǹkan tó burú nínú EKSU. Kò sí nǹkan tó burú nínú FUOYE. Ẹ má wá bá mi jà lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Màmá yẹn ò lè ra kóńgò gààrí kan kó má ná an. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó máa gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tó bá kan yunifásítì, orúkọ la máa ń kọ́kọ́ sọ, ká tó wá padà wo ilé.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀: sikọ́láṣíìpù kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń wá lẹ́yìn tó bá wọlé tán. Inú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ ọ lójú, o ò sì ní mọ̀ títí wàá fi dé 200 level.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. "Kó kọ́kọ́ wọlé ná. Ọlọ́run á pèsè." Àmín o. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mo kọ WAEC, gbogbo ẹ̀ dáa àfi Maths tó bọ́ sí D7. Mo fi NECO gbé Maths. A pa adìyẹ nílé wa lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ìjókòó méjì wọlé, Microbiology ni mo kà (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé fídíò ni mo ń ṣe báyìí). Ní 200 level, ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù NNPC/SEPLAT hàn mí. GP 3.5 ni wọ́n fẹ́. Kredíìtì márùn-ún ni wọ́n fẹ́, Maths àti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo. Mo ka ibi ìjókòó kan yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, bíi pé ó máa yí padà. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ní SS3 ni, mi ò bá tún WAEC kọ lódindi dípò kí n fi NECO lẹ̀ ẹ́. Ọdún kan péré ló máa gbà mí. Kò sẹ́ni tó sọ. Olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ní ilé-ìwé wa, aṣọ ìbílẹ̀ ló ń tà ní ọ́fíìsì ẹ̀.

Ó ku MTN Foundation. Tiwọn, ọmọ 300 level ní ilé-ìwé ìjọba, tó ń ka sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, GP 3.5 sókè. Mo ti ń fọkàn sí i láti 200 level. Nígbà tí àsìkò dé, GP mi jẹ́ 3.46. Ẹ ṣáà bi mí pé kí ló fà á. Ní sáà àkọ́kọ́ 100 level, a ò tètè rí owó ilé-ìwé san, wọn ò sì jẹ́ kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀sì méjì. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. E méjì ni mo gbà níbẹ̀. Mo lé máàkì yẹn fún ọdún méjì gbáko, mi ò bá a. Owó tí a ò rí san ni ò jẹ́ kí n rí owó gbà.

Ìdí nìyẹn tí "kó kọ́kọ́ wọlé ná" fi máa ń ká mi lára. Tó bá jẹ́ pé owó ọdún àkọ́kọ́ pàápàá ò dájú, GP ọmọ yẹn ti ń jò kó tó débi tí wọ́n ti ń béèrè GP.

Ẹ jẹ́ kí n to nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ díẹ̀, kó má dà bíi pé ariwo lásán ni mo ń pa. NNPC/SEPLAT wà fún àwọn ọmọ yunifásítì ìjọba, bóyá ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, láti 200 level lọ sókè. MTN, ilé-ìwé ìjọba, 300 level. Agbami, àwọn tó ń ka ìṣègùn àti ẹ̀ńjìníà ni wọ́n ń wá, 200 level. NNPC/TotalEnergies ló yàtọ̀: ọmọ 100 level lè kọ ọ́, máàkì JAMB ẹ̀ ni wọ́n á sì wò. Wọ́n máa ń yí àwọn òfin yìí padà, torí náà ẹ lọ ka ti ọdún yìí lójú ìkànnì wọn fúnra wọn, ẹ má gba tèmi gbọ́ láìwò ó.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ẹni tó bá tẹ yunifásítì aládàáni sí JAMB ti jáwọ́ nínú ti SEPLAT àti MTN lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó yan Theatre Arts ti jáwọ́ nínú Agbami. Mi ò ní kí ẹ má ka Theatre Arts o, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó dáa jù níbẹ̀ ni wọ́n ti wá. Mo ní kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Chinua Achebe wọ University College Ibadan lọ́dún 1948 pẹ̀lú sikọ́láṣíìpù láti ka ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ìṣègùn ò bá òun lára mu, ló bá yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Sikọ́láṣíìpù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Owó ìrànwọ́ ìjọba àti owó tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin yọ̀ǹda fún un ló fi tẹ̀ síwájú. Achebe náà nìyẹn o! Ó rí ẹ̀gbọ́n tó lè yọ̀ǹda owó. Ẹ̀gbọ́n tìrẹ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tèmi ń wá dátà lọ́wọ́ mi.

Ó kan àwọn aládàáni. A ní ABUAD ní Adó níbí, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka owó wọn, gbogbo wa la mọ̀. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ló ń polówó ẹ̀dínwó fún ọmọ tó bá mú máàkì ńlá wá, ẹlòmíì sì ti jàǹfààní ẹ̀ gan-an. Ìṣírò ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Pósítà á kọ "50% scholarship" gàdàgbà. Ká ní, àpẹẹrẹ lásán ni o, owó ọdún kan jẹ́ ₦3,000,000. Wọ́n yọ ìdajì, ó ku ₦1,500,000. Ní ọdún mẹ́rin, ₦6,000,000 lo máa san, ìwọ tí wọ́n fún ní sikọ́láṣíìpù. Ọmọ kejì tó wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọn kì í ti í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ọmọ digírì àkọ́kọ́ bí ò ṣe oríṣiríṣi owó mìíràn, lè má ná tó ìdajì ìyẹn, kò sì gba ẹ̀bùn kankan. Pósítà tìẹ lẹ̀ ń fi sórí status.

Bi wọ́n kó o tó fọwọ́ sí i. Ọdún mélòó ni ẹ̀dínwó yìí máa fi wà? GP wo ni mo gbọ́dọ̀ máa mú kí ẹ má gbà á padà? Ṣé owó ẹ̀kọ́ nìkan ni, àbí yàrá àti oúnjẹ wà nínú ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fi kún owó ní ọdún kejì ńkọ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní "ẹ kàn máa bọ̀ ná, a máa sọ̀rọ̀," jókòó sílé ẹ.

Ọ̀rọ̀ "merit" yẹn náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń pín àyè ìwọlé: 45% fún máàkì nìkan, 35% fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20% fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí orúkọ rẹ bá jáde lórí merit list, àyè ni wọ́n fún ọ, wọn ò fún ọ lówó. Wọ́n ti pè mí sí pátì kan ní Ìkẹ́rẹ́ torí merit list yìí rí, bàbá ọmọ náà rò pé ìjọba ló máa sanwó. Mo jẹ iyán wọn, ó dùn, mi ò lẹ́nu láti sọ fún un.

NELFUND ńkọ́? Ẹ̀yáwó ni. Ó wúlò, mi ò ní parọ́: kò ní èlé, wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé ìjọba tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n wàá san án padà. Ọmọ aládàáni ò sì sí nínú ẹ̀. Ẹ yé pè é ní sikọ́láṣíìpù.

Ẹ jẹ́ kí n wá bú ara mi báyìí, torí àwa tá à ń ṣe content wà lára ìṣòro yìí.

Lọ́dún tó kọjá mo ṣe fídíò kan, "Sikọ́láṣíìpù mẹ́wàá tó máa gbé ẹ kúrò ní Nàìjíríà." Kò sí fídíò mi tó tíì rìn tó ọ. Àwọn èèyàn ń kọ "interested" sábẹ́ ẹ̀ bíi pé èmi ni mo fẹ́ pín owó. Ọmọ kan láti Ìjerò wá sí DM mi. Ó ní, "Ẹ káàsán ma. A márùn-ún ni mo ní nínú WAEC. Èwo ni kí n kọ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?" Mo padà lọ wo ohun tí mo kó jọ. Mẹ́jọ nínú ẹ̀, ti Master's ni. Chevening wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ ní digírì, kó o sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ìkẹsàn-án ni BEA, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rán àwọn ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Morocco, China àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti kéde lọ́dún 2025 pé àwọn ti fòpin sí i. Pósítà àtijọ́ ni mo gbé síta. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún ọmọ yẹn, wọ́n sì ti ti fọ́ọ̀mù ẹ̀.

Ojú tì mí. Mo pa fídíò náà rẹ́. Algorithm ò tíì dárí jì mí títí di òní.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ Ìjerò yẹn nìyí. Harvard, Yale, Princeton àti MIT kì í fún ẹnikẹ́ni lówó torí pé orí ẹ̀ pé, torí kò sẹ́ni tórí ẹ̀ ò pé níbẹ̀. Àpò àwọn òbí rẹ ni wọ́n ń wò, ohun tí wọn ò bá lè san ni ilé-ìwé á gbé. Wọlé ni iṣẹ́ wà, ó le bí ojú ẹja. Berea College ní Kentucky kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀ ni wọ́n ń mú, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ nítòsí lo fẹ́, Ashesi wà ní Berekuso, ẹ̀bá Accra, Mastercard Foundation sì ń sanwó fún àwọn ọmọ tó ní làákàyè tí ilé wọn ò lówó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Lester B. Pearson, ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Owó ẹ̀kọ́, ìwé, yàrá, ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n o ò lè dá a kọ fúnra rẹ. Ilé-ìwé girama rẹ ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní ilé-ìwé girama ní Adó, Ìlawẹ̀, Ìgèdè, Ìfàkì, ọ̀gá ilé-ìwé wo ló dúró lórí assembly yín rí, tó ní, "Ta ni ká fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí Toronto lọ́dún yìí?"

Ní Èkìtì, a máa ń fọ́nnu pé kò sílé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ. Ẹ wá lọ wo ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ní ilé-ìwé wa. Ọmọ tó gba ipò kìíní láti JSS1 dé SS3, ìwé atúmọ̀ èdè àti báàfù oníke ni wọ́n á gbé fún un, gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́, ó parí. A fẹ́ràn ká máa yin ọpọlọ. Ká jókòó ti ọmọ náà, ká wo ibi tí ọpọlọ yẹn ti lè sanwó ara ẹ̀, a ò ní àsìkò.

Ohun tí mò ń béèrè ò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan ńlá. Kí Scholarship Board ìpínlẹ̀ wa gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn jáde ṣáájú kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti yan tán. Kí gbogbo yunifásítì tó wà ní Èkìtì kọ ọ́ sójú ìkànnì wọn, níbi tí wọ́n ti ń polówó ìwọlé gan-an: ọmọ tó bá mú 300 wá nínú JAMB, eélòó lẹ máa yọ fún un? Tó bá jẹ́ òdo, kí wọ́n kọ òdo. Kí olùkọ́ tó ń gbani nímọ̀ràn fi bébà kan lẹ ara ògiri SS2. SS2 ni mo wí o. SS3 ti pẹ́.

Ẹnì kan máa sọ pé, "Àǹtí, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre, ẹni tó mọ èèyàn ló ń gbà á." Mi ò ní bá ẹ jiyàn pé kò sí màgòmágó ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí mo dárúkọ, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ìdánwò, máàkì rẹ ló sì ń sọ̀rọ̀. Tí ìwọ tí o ò mọ èèyàn ò bá kọ ọ́, àwọn tó mọ èèyàn nìkan ló kù lórí ìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba ₦5,000 "processing" lọ́wọ́ ọmọ SS3 kí ẹ tó bá a kọ fọ́ọ̀mù NNPC tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Ọlọ́run ń wò yín.

Òótọ́ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: ọ̀pọ̀ tó bá kọ ọ́ ni ò ní rí i gbà. Torí náà, nínú ibi tí JAMB fún ọ láti yàn, jẹ́ kí ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ èyí tí ilé yín lè san tí kò bá sí sikọ́láṣíìpù kankan. Bá àwọn òbí rẹ jókòó, kí wọ́n dárúkọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Ìjókòó yẹn le. Dádì mi ò dárúkọ tiwọn fún mi títí mo fi dé 400 level, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kóópù ni wọ́n ti ń yá a látọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí sẹ́ńtà. Mi ò lè pa á mọ́ra. Nígbà tí wọ́n jáde, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Mo ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yín fẹ́ kà?" Màmá kọ́kọ́ wò mí bíi gbájúẹ̀, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀ńjìníà ni ọmọ náà fẹ́. Mo ṣàlàyé ní ṣókí lábẹ́ òòrùn, mo ní a ṣì lè yí ilé-ìwé padà lórí JAMB tó bá yẹ, mo fún ọmọ náà ní nọ́ńbà mi. Màmá ní, "Ẹ bá wa wò ó o, ọmọ mi. Àwa ò mọ̀ pé wọ́n ń wò ó."

Àná lálẹ́ ló fi WhatsApp ránṣẹ́. "Ẹ kú alẹ́ ma. Mo ti wo gbogbo ohun tí ẹ ní kí n wò. NECO ni mo fi gbé Physics mi. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo ti fèsì fún un. Mo ní kò tíì bàjẹ́, Maths àti Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ wà nínú WAEC, kó ka kredíìtì tó kù níbẹ̀ kó rí i bóyá wọ́n pé márùn-ún. Tí wọn ò bá pé, WAEC ti aládàáni ṣì wà, kó fi kọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ń lọ mú èsì náà wá láti inú àpótí màmá òun.